Odò Tó Wà Lápá Ọ̀tún

Bí ẹ bá dé àdúgbò náà tí ẹ bá béèrè Ìyá Ẹlẹ́ní, ẹ má wulẹ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á júwe ilé tí ìdì koríko gbígbẹ ti gba gbogbo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fún yín. Iwájú ilé yẹn ló ti ń hun ẹní láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, ohun kan ṣoṣo tí kò sì fẹ́ ni kí èèyàn dúró sójú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀, yóò bi í bóyá dígí ni wọ́n fi mọ ọ́n.

Ẹní tó ń hun kì í ṣe ẹní lásán. Ìlú wọn ní ìtàn kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ sínú ìwé, ara ẹní ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ní nígbà tí ogun lé àwọn baba ńlá wọn, etí odò ni wọ́n gbà: odò wà lápá kan, òkè wà lápá kejì, títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n kọ́ ilé àkọ́kọ́ sí. Ìdí nìyẹn tí ilà dúdú kan fi máa ń gun àárín ẹní lọ sókè. Ọ̀nà nìyẹn. Ilà búlúù tó ń ṣe kọ́lọkọ̀lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni odò, àtẹ̀gùn pupa tó wà lódìkejì ni òkè, ojú onígun mẹ́rin kékeré tó wà lókè pátápátá ni ilé. Ọmọ ìlú tí kò bá lè ka ẹní, àlejò ni wọ́n ń pè é.

Ọwọ́ ìyá tó bí i ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Olókùnrùn ọmọ ni nígbà yẹn, ikọ́ kì í jẹ́ kó sùn. Bí wọ́n bá fẹ́ hun ẹní, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn, òun á jókòó síwájú, kí ìyá lè máa rí ojú rẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ ọ̀hún dunjú kí ìyá wọn tó dolóògbé, ọmọge ni wọ́n ṣì wà nígbà náà.

Lẹ́yìn ikú ìyá, wọ́n jọ ń tajà lójú kan náà. Ibẹ̀ ni ìjà ti dé. Lọ́jọ́ kan, lójú oníbàárà, ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ sí ẹní àbúrò rẹ̀, ó ní, "Apá ọ̀tún lo gbé odò sí! Bí àwọn baba wa bá gba ibi tí o hun yìí, ìlú onílùú ni wọn ì bá dé."

Ìtìjú mú àbúrò, ìtìjú sì di ìbínú. "Ẹ̀yin lẹ gbé tiyín síbi tí kò yẹ," ó dáhùn. "Ìlara ló ń dà yín láàmú, torí tèmi ló ń tà."

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Ẹ̀gbọ́n di ẹrù rẹ̀, ó pa ẹní híhun tì, ó lọ ń rán aṣọ ilé-ìwé. Láti ọjọ́ náà, "ẹ kú ilé, ẹ kú ọ̀nà" ni wọ́n ń bá ara wọn sọ bí ẹni tí kò mọra. Ìlú náà ò dá sí i. Ta ló ń wá ọ̀tún àti òsì lára ẹní tó fẹ́ sùn lé?

Ó pẹ́ gan-an kí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ìlú wọn tó kọ́ gbọ̀ngàn tuntun. Ìyá Ẹlẹ́ní ni wọ́n bẹ̀ pé kó hun ẹní ńlá tí wọ́n máa gbé kọ́ sára ògiri ibẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí ọ̀nà tí àwọn baba gbà wá. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ̀gbà tó ń dá kọrin. Iṣẹ́ ti dé ìdajì nígbà tí olùtọ́jú ilé náà ránṣẹ́ pè é. Ọmọkùnrin tó mọ̀wàá hù ni, gíláàsì ojú rẹ̀ kì í dúró sójú kan.

"Ìyá, ẹ wá wo ohun tá a rí nínú àpótí àtijọ́ kan," ó wí, ó sì tẹ́ ẹní kan sórí tábìlì gígùn.

Etí ẹní náà ni Ìyá Ẹlẹ́ní kọ́kọ́ wò. Fọ́nrán mẹ́ta tí wọ́n lọ́ pọ̀ ni. Kò sí ẹlòmíràn tó ṣe etí ẹní bẹ́ẹ̀ rí láyé yìí àfi ìyá rẹ̀. Ó fọwọ́ pa á lára, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá wo àárín. Odò wà lápá òsì.

"Ẹ bá mi yí i," ó wí. Olùtọ́jú yí i. Ìyá Ẹlẹ́ní fúnra rẹ̀ rìn yí tábìlì po, ó dúró síbí, ó dúró sọ́hùn-ún, àmọ́ ibi yòówù kó dúró sí, ẹni tó bá ń lọ sílé àkọ́kọ́ yẹn, apá òsì ni odò á wà sí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń hun nǹkan, ó wá yé e. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún ìyá rẹ̀ bá lọ, ọwọ́ òsì tirẹ̀ tó kọjú sí i ló ń tẹ̀lé e. Bí ọmọdé ṣe ń fara wé ojú inú dígí ló ṣe kọ́ iṣẹ́.

"Ìyá, kò sẹ́ni tó máa mọ̀," olùtọ́jú sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àbí ká kàn yí tiyín dojú délẹ̀?"

"Ẹ̀yìn ẹní? Níbi tí gbogbo kókó wà? Ẹ̀yin náà, ẹ yí inú ẹ̀wù yín síta kẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ wá síbi iṣẹ́ lọ́la."

Ó fi àwàdà gbé e kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì, "Bàbá wọn, láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti mọ̀ mí ni mo ti ń ṣi ẹní hun."

"Láti ọjọ́ yẹn náà ni mo ti ń sùn lé e," ọkọ rẹ̀ dáhùn, "mi ò sì tíì ṣìnà rí." Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹní kọ́ ló ń dùn ẹ́. Lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Bí wọn ò bá dá mi lóhùn ńkọ́?"

"Wọ́n á ti gbọ́ ná."

Ẹ̀rù ń bà á o, ká má purọ́. Àgbà ti dé sí àwọn méjèèjì. Bí ẹ̀gbọ́n bá lé e jáde, ọ̀rọ̀ ìlara yẹn ni wọ́n á gbé lọ sí sàréè. Síbẹ̀, ó wọ bàtà, ó lọ.

Orúnkún ń dun ẹ̀gbọ́n, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde mọ́. Inú yàrá ló wà, lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ń gán bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀wù ọmọ ilé-ìwé.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi ta?" Ó mọ̀ ọ́n dáadáa o, ó kàn bi í ni.

Àbúrò kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yàrá. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò bọ̀ lọ́nà ti sá lọ. "Mo rí ẹní Màmá," ó wí. "Òsì ni odò wà. Ẹ̀yin lẹ jàre. Mo pè é ní ìlara, kì í ṣe ìlara. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. "Màmá mọ̀," ó wí.

"Wọ́n mọ kí ni?"

"Pé ọ̀tún lo ń gbé odò sí. Èmi ni mo lọ fẹjọ́ ẹ sùn, pé kí wọ́n tọ́ ẹ sọ́nà. Wọ́n ní, 'Ọmọ tó fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́, ṣé torí odò ni mo máa fi pa á lẹ́kún? Jẹ́ kó máa hun ún bó ṣe wù ú.' Inú bí mi gan-an. Èmi tí wọ́n máa ń gbá lọ́wọ́ bí mo bá ṣi fọ́nrán kan ṣoṣo!" Ó mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n inú ilé ló yẹ kí n ti sọ ọ́ fún ẹ, kì í ṣe lójú oníbàárà. Èmi náà jẹ̀bi níbẹ̀."

"Èyí tí mo ń hun fún ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí yìí ńkọ́? Kí n parí ẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Tú u, títí dé ìsàlẹ̀. Wá mú mi lọ́la, mo máa jókòó tì ẹ́."

Ayọ̀ gbé àbúrò dìde. Ó bọ́ bàtà, ó wọ inú yàrá kó lè di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ ẹní tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wolẹ̀. Ilà búlúù wà lápá ọ̀tún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí etí rẹ̀ sókè: òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó ti ṣá, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn tó ti ya. Ọwọ́ rẹ̀ ló hun gbogbo wọn, kò sì rántí pé òun ta ẹyọ kan fún ẹ̀gbọ́n òun rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti rí ẹní yìí?"

Ẹ̀gbọ́n tẹrí ba sórí bọ́tìnnì. "Aládùúgbò ló ń bá mi rà á lọ́wọ́ ẹ. Mo ní kó má dárúkọ mi."

"Ṣebí ẹ ní kò dáa?"

"Kò dáa. Odò ò sí níbi tó yẹ." Ó fi eyín já òwú. "Ṣùgbọ́n oorun ò kùn mí lórí tẹlòmíràn."

Àbúrò jókòó sórí ẹní náà, ó fi ìborùn bojú, ó sunkún bí ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n fi í sílẹ̀ kó sun ún díẹ̀, ó wá fọwọ́ kàn án léjìká.

"Ó tó báyìí," ó wí. "Omi kì í jẹ́ kí ẹní pẹ́. Èmi ni mo sì máa ra òmíràn."