Adìẹ Ti Rìn, Eegun Kò Tíì So

Àgbàdo ni mò ń yin lẹ́nu ọ̀nà ilé wa lọ́jọ́ tí adìẹ náà rìn. Ọmọdébìnrin ni mí nígbà náà, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Odomẹta, àwọn Faransé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀ fún wa ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń bu omi lẹ́nu ẹ̀rọ lónìí kò lè mọ ohun tí omi jẹ́ lórí ilẹ̀ gíga wa yìí. Kànga jìn, ọ̀nà rẹ̀ náà sì jìn. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń bọ̀ tòun ti ìkòkò omi lórí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yọ̀, tó sì ṣubú lé apá ọ̀tún. Eegun òkè apá náà ṣẹ́. Àbúrò mi obìnrin kò tíì lè jókòó nígbà náà.

Bàbá arúgbó kan ló ń to eegun ní agbègbè wa. Ó to apá ìyá mi, ó fi ọparun lílà yí i ká, ó fi okùn dì í. Lẹ́yìn náà ló mú adìẹ kan, ó ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dì í bákan náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: ara adìẹ ni wọ́n ti ń wo bí eegun èèyàn ṣe ń so. Ó ní, "Bí ẹ bá ti rí i tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí ẹ ránṣẹ́ pè mí." Ó sì lọ síbi ìsìnkú àna rẹ̀ ní Adakplamẹ.

Láti ọjọ́ náà, adìẹ ni gbogbo wa ń wò. Ìyá àgbà, tó bí bàbá mi, ń fún un lóúnjẹ ju bó ṣe ń fún àwa ọmọ lọ. Nígbà tí adìẹ náà wá tiro wá síbi àgbàdo mi, ìyá àgbà pariwo: "Ó ti rìn! Ìyàwó, jáde wá, ó ti rìn!"

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n dúró de bàbá arúgbó.

"Ta ni yóò máa gbé ọmọ rẹ títí yóò fi dé? Èmi tí ẹ̀yìn ń dùn yìí?"

Bó ṣe tú okùn náà nìyẹn. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó fa ọ̀já. Apá náà ká níbi tí kò sí oríkèé. Èmi ni mo gba ọmọ náà kó tó já bọ́.

Nígbà tí bàbá arúgbó dé, ó fọwọ́ kan apá náà, ó káwọ́ lérí. "Pípè ni mo ní kí ẹ pè mí. Ṣé mo ní kí ẹ tú u ni? Ẹsẹ̀ adìẹ ha nípọn tó apá èèyàn bí?" Ó tún un dì, ṣùgbọ́n eegun náà kọ̀, kò so.

Bàbá mi gbé ìyá mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo tẹ̀ lé wọn tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Wọ́n la apá náà, wọ́n fi irin pẹlẹbẹ so ojú eegun méjèèjì pọ̀. Kò pẹ́ tí ojú ọgbẹ́ náà fi ń ṣọyún, ara ìyá mi sì gbóná bí iná. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Pobè, ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún wa. Ó ní wọ́n máa yọ irin náà. Bí ọyún kò bá dá, wọ́n á gé apá. Bàbá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, Màdáàmù. Ọlọ́mọ ni."

"Òun náà mọ̀ pé ọlọ́mọ ni, Bàbá. Ẹ dìde nílẹ̀."

Wọ́n yọ irin, wọ́n ń fọ ọgbẹ́ náà títí tó fi gbẹ. Wọ́n tún apá náà là, wọ́n gé eegun díẹ̀ níbàdí ìyá mi fi dí àlàfo tó wà láàárín eegun tó ṣẹ́ náà, wọ́n sì fi ẹfun pípò tó ń gbẹ le bí òkúta dì í láti èjìká dé ọwọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìyá mi ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá: "Ṣé màá tún lè pọnmọ?"

Eegun so níkẹyìn, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ ti le, kò ṣeé ká mọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò dé ẹ̀yìn mọ́. Èmi ni mo pọn àbúrò mi títí tó fi ń sáré.

Lónìí, wọ́n á ti ya àwòrán eegun kí ẹnikẹ́ni tó tú ohunkóhun. Àwọn ọmọ mi máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ pé adìẹ la fi ń wo eegun. Èmi kì í lè rẹ́rìn-ín. Mo máa ń rántí ọjọ́ tí mo gbé àkọ́bí mi délé. Ìyá mi wò ó, ó wá yí ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó ní: "Gbé e lé mi lẹ́yìn. Ìwọ lo máa bá mi so ọ̀já."