Àǹtí Irin, Ọkọ Tíṣà

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n wá tọrọ Wẹ́dà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ gan-an ló ń sọ ọ́ jù, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á fi ata sí i. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ìwà Wẹ́dà olóògbé náà ti tó ata fúnra rẹ̀.

Ọ̀sán Sátidé ni. Tíṣà, ìyàwó Wẹ́dà, jókòó ní pálọ̀, ó ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, inú sì ti ń bí i tẹ́lẹ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Nígbà tó ṣí i, ọ̀dọ́kùnrin kan ló rí tó wọ kóòtù, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ sì ti wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀. Obìnrin àgbàlagbà kan dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé páálí bisikíìtì ńlá kan dání.

"Ẹ káàsán, Mà," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí, ó tẹrí ba. "Fìríìjì ni mo ń tún ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rèé. Nítorí Àǹtí Irin la ṣe wá."

"Nítorí ta ni?"

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, Mà. Ọmọbìnrin yín tó wà nílé yìí ni òun àti ọmọ wa jọ ń ṣe géèmù láti èṣí. Ọmọ wa ò jẹun mọ́, kò sùn mọ́. Mo wá ní kó jẹ́ ká wá fojú rínjú."

Tíṣà ní kò sí ọmọbìnrin nínú ilé òun. Ìbejì ọkùnrin lòun bí, àwọn méjèèjì sì ti kó lọ sílé tiwọn. Onífìríìjì fa fóònù yọ, ó fi àdírẹ́sì hàn án. Ilé náà gan-an ni. Ó tún fi àwòrán hàn án: obìnrin kan rèé tó fi irin bora láti àtàrí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀, ojú nìkan ló hàn. Tíṣà ti rí obìnrin yìí rí. Lórí tẹlifíṣọ̀n tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ló ti ń rí i lójoojúmọ́, nígbà tí oúnjẹ bá ń tutù lórí tábìlì.

Ó rọra gbé bírò sílẹ̀.

"Bàbá Ìbejì!" ló figbe ta. "Ẹ jáde o! Ọkọ yín ti dé!"

Wẹ́dà jáde. Síńgílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ó sì gbé íapíìsì pupa ńlá kan kọ́ etí. Onífìríìjì dá íapíìsì náà mọ̀ kó tó wo ẹni tó gbé e kọ́ etí. Òun ló fowó ara rẹ̀ rà á, òun ló sì fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Irin.

Ibi tó ti ń bíni nínú jù nìyẹn. Ọkùnrin yìí ò fẹ́ káwọn tí wọ́n jọ ń ṣe géèmù gbọ́ ohùn òun, ló bá ní íapíìsì tí òun fi ń sọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn. Onífìríìjì, ọmọ gidi, ní òun á ra òmíràn fún un, kó ṣáà fi àdírẹ́sì ránṣẹ́. Wẹ́dà ò sì kọ ohun ọ̀fẹ́ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó fi àdírẹ́sì ránṣẹ́. Ẹni tó ń sá pamọ́ tó wá ń júwe ilé rẹ̀ nítorí íapíìsì, irú orí wo lèèyàn á ní ó gbé sọ́rùn?

Ojú ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà, iṣẹ́ àwọn tó ń fi iná jó irin pọ̀, ló ṣe láti kékeré. Òun ló jó ìlàjì géètì tó wà ládùúgbò náà, òun ló jó irin ojú fèrèsé, òun ló jó àga tí wọ́n ń jókòó sí níbi tí wọ́n ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Nígbà tí iná wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba ojú rẹ̀ jẹ́, dókítà ní tó bá tún súnmọ́ ọn, yóò fọ́jú. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bàbá jókòó sílé, kò sì sí ohun tó tún kù fún un láti ṣe ju kó máa yẹ irin onírin wò lọ. Ó lọ sí iléèwé tí Tíṣà ti ń kọ́ni, ó mi géètì wọn títí, ó ní kò ní pẹ́ wó pa ọmọ èèyàn. Ó mi ibùsùn onírin aládùúgbò tó ní kó wá kí òun nílé. Tíṣà pe àwọn ìbejì lórí fóònù, ó ní kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí bàbá wọn kí òun tó lọ gba ilé tòun lọ́tọ̀.

Wọ́n ra géèmù kan wá fún un, irú èyí tí èèyàn ti máa ń dá ẹni tirẹ̀, tí á máa mú un rìnrìn àjò, tí á máa jagun, tí á sì máa bá àwọn tó jókòó sílé tiwọn kẹ́gbẹ́. Wọ́n so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni bàbá ti há sí. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan dúró síbẹ̀, wọ́n ní kó mú ọ̀kan.

"Ìyá Ìbejì! Wọ́n ní ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin."

"Ohun tí ẹ jẹ́ ni kí ẹ mú."

"Láti ìgbà tí mo ti ń jẹ́ ọkùnrin, kí ni mo rí gbà níbẹ̀? Ẹ̀yìn dídùn!"

"Ẹ mú ọkùnrin, Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ìròyìn."

Kò mú un. Ó yí ọkùnrin náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni ń yẹ ọmọ tó fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ wò. Ó ní àyà rẹ̀ ti wú jù, pé irú wọn kì í gbọ́rọ̀. Ó wá kọjú sí obìnrin náà, ló bá fò dìde lórí àga.

"Ìyá Ìbejì, ẹ wá wo ìwàkuwà! Wọ́n fi irin bo èjìká ọmọ yìí, wọ́n fi bo orúnkún, wọ́n wá ṣí ikùn rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu! Ibi tí wọ́n máa gún un gan-an! Wẹ́dà wo ló ṣe irú iṣẹ́ yìí?"

"Géèmù ni."

"Bí mi ò bá mú un, òmùgọ̀ kan á mú un, á sì rán an lọ sójú ogun báyìí. Mo mú un."

Bó ṣe di obìnrin nìyẹn. Kò sí ète kankan níbẹ̀. Ikùn ọmọ olọ́mọ tó wà níta ni kò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀.

Kò bá ẹnikẹ́ni jà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó rí i pé wọ́n lè máa rọ irin nínú géèmù náà, ó bá mú obìnrin náà lọ sídìí iná, ibẹ̀ ló ń gbé. Bí Tíṣà bá pè é wá jẹun, á ní, "Ẹ jẹ́ kí n wọ aṣọ fún ọmọ yìí tán." Nígbà tó máa fi ṣe tán, irin tó wà lára rẹ̀ pọ̀ débi pé kò lè sáré mọ́, bí ẹni tó ru kọ́bọ́ọ̀dù ló ń rìn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀bẹ tó lè wọ̀ ọ́. Àwọn tó kù nínú géèmù náà rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́ wá pé kó ṣe tiwọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Àǹtí Irin. Àǹtí Irin á ṣe é fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, á sì bú wọn mọ́ ọn: ó ní awakọ̀ tírélà kan ń jẹun jù, irin ò lè pàdé ní ìdí rẹ̀, ó ní Onífìríìjì ń sáré sí ogun bí ẹni tí wọ́n jí ọbẹ̀ rẹ̀. Onífìríìjì tí kò tíì rí ẹni tó bá a wí tìfẹ́tìfẹ́ báyìí rí bá kó sínú ìfẹ́.

Àwọn ọkùnrin ò yéé bi í bóyá ó ti lọ́kọ. Á ní ìyàwó lòun ní. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. "Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé mo ti níyàwó?"

"Mo rò pé ẹ ń ṣàwàdà ni, Sà."

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ò tíì mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ. "Ẹ dákun, ṣé ọkùnrin ni Àǹtí Irin?"

"Ó ti pẹ́," ni Tíṣà dá a lóhùn.

Màmá náà wo kóòtù ọmọ rẹ̀, ó wo síńgílẹ́ẹ̀tì Wẹ́dà, ẹ̀rín sì pa á títí wọ́n fi lọ bu omi fún un. Onífìríìjì ò rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà náà ò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ íapíìsì náà, ó nà án sí ọmọ náà, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀.

"Ṣé o máa sọ fún àwọn tó kù?"

Onífìríìjì ò gba íapíìsì. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀rù wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba bàbá. Kò bẹ̀rù ẹ̀sín. Ẹni tó ti jáde sí àlejò ní síńgílẹ́ẹ̀tì, ẹ̀sín wo ló tún kù? Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé wọ́n á lé e kúrò láàárín wọn nínú géèmù. Tíṣà ní kó kúkú sọ òtítọ́ fún wọn fúnra rẹ̀.

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a," ló wí.

"Mi ò tíì lo ogún ọdún. Bí wọ́n bá lé mi ńkọ́? Ta ló tún ń bi mí ní nǹkan kan nípa irin níta yìí?"

Inú tún bí Tíṣà sí i.

Ọgbọ́n tí ọkùnrin yìí wá dá ni pé ó lọ dá ẹlòmíràn nínú géèmù náà: ọkùnrin, onírùngbọ̀n, bí òun gẹ́lẹ́. Ó ní òun á wọ àárín wọn bí àlejò. Ó bá awakọ̀ tírélà pàdé, ó ní ẹ̀wù irin rẹ̀ ti ya lábẹ́ abíyá. Awakọ̀ tírélà ní, "Bàbá, ẹ wábi jókòó sí." Ọ̀rọ̀ kan náà, bí Àǹtí Irin bá sọ ọ́, "Ẹ ṣé, Àǹtí" ni wọ́n ń wí! Ó já sínú kòtò kan, wọ́n ń gba orí rẹ̀ kọjá. Bó bá ṣe Àǹtí Irin ni, gbogbo wọn ni ì bá ti bẹ́ sínú kòtò lọ fà á jáde. Ó jáde láti yàrá.

"Ìyá Ìbejì, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ọkùnrin nìyí?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń jẹ́ ẹ látọjọ́ yìí, ṣé èmi ni kẹ́ ẹ máa bi?"

Níbi tó ti ń bá ara rẹ̀ jà ni Onífìríìjì ti tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i: "Sà, ẹ̀wù irin mi ti lu. Àwọn tó kù ń béèrè Àǹtí. Mo sọ fún wọn pé mo dé ilé yín, pé ẹ kọ̀ mí." Ọmọ náà fi ara rẹ̀ ṣe ẹni tí wọ́n kọ̀, kí àṣírí àgbàlagbà lè bò. Wẹ́dà kà á, ó tún un kà, ó sì sọ pé atẹ́gùn wọ òun lójú. Bí iwájú ò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí. Ó pa ọkùnrin onírùngbọ̀n náà rẹ́, ó padà di obìnrin.

Láti ìgbà náà, bí Tíṣà bá ti ní kó sọ fún wọn, á ní ọ̀la. Ọ̀la ò dé. Ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, lórí àga tó fúnra rẹ̀ jó.

Tíṣà pe Onífìríìjì. Ọmọ náà sunkún lórí fóònù, ó sì sọ fún àwọn tó kù pé Àǹtí Irin ti kú. Ìyẹn nìkan ló sọ, torí ó ti dákẹ́ tipẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń la ẹnu mọ́. Wọ́n wá kí Tíṣà ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kún pálọ̀, àwọn mìíràn rìnrìn àjò wá. Àwòrán Wẹ́dà wà lára ògiri, irùngbọ̀n àti gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kékeré kan nínú wọn wò ó títí. "Mà, ṣé bàbá Àǹtí Irin nìyí? Wọ́n jọra lójú."

Onífìríìjì wolẹ̀. Tíṣà wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo nǹkan náà sú u.

"Àǹtí Irin nìyẹn," ló wí. "Òun náà ni. Ọkọ mi ni."

 Awakọ̀ tírélà dìde, ó súnmọ́ ògiri.

"Bàbá yìí ló ní ìdí mi ò gba irin?"

"Òun ni."

Awakọ̀ tírélà wo ikùn tó wà nínú àwòrán. "Bàbá yìí, pẹ̀lú ikùn yìí?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ ti gíláàsì àwòrán náà, ẹ̀rín náà sì di ẹkún níbi tó dúró sí, ni gbogbo wọn bá darapọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ń sọ èébú tó bú wọn fún ara wọn bí ẹni ń ka oríkì.

Tíṣà jẹ́ kí wọ́n ṣe é díẹ̀. "Mo fẹ́ bi yín léèrè," ló wí. "Ká ní ó sọ fún yín. Ṣé ẹ máa lé e?"

"Lé ta ni, Mà?" ni nọ́ọ̀sì wí, ó ń nu ojú. "Ta ló máa wá ṣe irin wa? Ká ní a mọ̀ ni, à bá ti wá máa kí wọn nílé. Ilé tèmi ò jìnnà síbí rárá."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Tíṣà dúró síwájú àwòrán náà. Inú bí i sí ọkùnrin yìí ju bó ṣe bí i sí i rí nígbà ayé rẹ̀ lọ.

"Ṣé ẹ gbọ́ báyìí? Ilé nọ́ọ̀sì yẹn ò jìnnà síbí! Ì bá máa wá kí yín! Mo wí, mo wí, ẹ ò gbọ́."

Ó ń wí i, ó ń fi etí aṣọ nu gíláàsì níbi tí awakọ̀ tírélà fọwọ́ kàn. Nígbà tó mọ́ tán, kò gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Wọ́n ti mọ̀ o, Bàbá Ìbejì," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò sẹ́ni tó bínú. Ẹ sinmi."