Mọ́tò orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹni tó ń ta àlòkù mọ́tò, tó gbé e dè yín sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ bi í pé kí ló dé!

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ wo ọ̀kan ní Kuta lónìí. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ wo ẹ́ńjìnnì. Ara mọ́tò tó ń dán ló fi ṣe dígí, ó ń tún fìlà ṣe.

Ọlọ́mọ́tò ní, "Òyìnbó ajẹ́lẹ̀ ló lò ó!" Ó tú bíréèkì sílẹ̀, mọ́tò yí wá sísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn.

Mo ní, "Ẹ pa á, kí ẹ tún ṣáná sí i níbi tó tẹ́jú yìí."

Ó ṣáná títí, kẹ́kẹ́ pa mọ́ mọ́tò òyìnbó lẹ́nu.

Ó ní, "Ilẹ̀ ibí ni ò dáa. Ẹ bá mi tì í padà sókè."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Àmọ́ wo bó ṣe ń dán!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ta ló máa bá mi sọ fún un pé dígí kọ́ la wá rà?