Ìgbálẹ̀ Mi àti Oyún Oṣù Mẹ́rin

Ẹ̀rù ló ń bà mí ní gbogbo ìgbà tí oyún yẹn fi wà nínú mi. Kì í ṣe pé inú mi kò dùn o. Inú mi dùn débi pé mo sunkún nídìí ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀gbà. Àmọ́ oyún méjì ti bàjẹ́ lára mi ṣáájú, mi ò sì gbẹ́kẹ̀ lé ayọ̀ mọ́.

Ohun tó wá dá kún ẹ̀rù náà ni ìgbálẹ̀. Nínú ìjọ wa ní Agége, obìnrin tó bá ń wá ọmọ a máa gbá ilé Ọlọ́run láàárọ̀ Sátidé. Kì í ṣe òfin. Obìnrin kan ló jẹ́rìí lọ́jọ́ kan pé òun gbá ilé Ọlọ́run, Ọlọ́run sì gbá ẹ̀gàn òun lọ. Gbogbo wa pariwo halelúyà. Nígbà tí Sátidé dé, èmi ni mo kọ́kọ́ débẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré, torí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń yọ́ irin wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, èéfín dúdú wọn a sì máa bà sórí gbogbo nǹkan. Tí o bá gbá a tán lónìí, á tún dúdú lọ́la. Oṣù méje ni mo fi gbá a. Ní oṣù kẹjọ, mi ò rí nǹkan oṣù mi.

Pásítọ̀ wa kì í yé wàásù pé ọ̀fẹ́ ni oore-ọ̀fẹ́, pé kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tí ènìyàn lè fi rà á. Àmín tèmi ló máa ń rinlẹ̀ jù níjókòó wa. Síbẹ̀, tí Sátidé bá dé, mo ti di ìgbálẹ̀ mú. Lọ́kàn mi, tí mo bá jáwọ́ pẹ́nrẹ́n, Ọlọ́run á gba nǹkan rẹ̀ padà.

Oyún pé oṣù mẹ́rin, mo rí ẹ̀jẹ̀. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní Ìkẹjà ní kí n lọ sinmi, kí n má gbé ẹrù, kí n má sì máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo bi í pé ilẹ̀ gbígbá ńkọ́. Ọkọ mi tó bá mi lọ ló dá mi lóhùn, ó ní tí òun bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ lẹ́nu mi, òun á dáná sun ún. Mo yọ́ lọ ra èyí tó ní ọwọ́ gígùn, mo wá ń rò ó pé ṣé Ọlọ́run á ka gbígbá orí ìdúró mọ́ gbígbá. Mo rò ó títí, mo fi í sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé, mo parọ́ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ ra àkàrà, mo gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Màmá àgbà kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbá ibi pẹpẹ, ará Èkìtì, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìyá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n rí i pé mo fọwọ́ kan mú ìgbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, mo fi èkejì di ikùn mú, wọ́n bi mí léèrè, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á yin ìgbàgbọ́ mi.

“Gbé ìgbálẹ̀ yẹn fún mi.”

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbá ìlà kan péré. Tí mo bá fi í sílẹ̀, oyún yìí á bọ́.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

Mo na ìgbálẹ̀ náà sí wọn.

“Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń gbálẹ̀ níbí,” ni wọ́n wí. “Mi ò bí ẹyọ ọmọ kan. Ṣé tèmi ni kò mọ́ tó?”

Ojú tì mí. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń ní kí wọ́n bá mi kí àwọn ọmọ, wọ́n á sì ní wọ́n á gbọ́. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi jáwọ́.

“Ilẹ̀ ń dọ̀tí,” ni wọ́n fi dá mi lóhùn.

Mo jókòó. Ó yẹ kí ọkàn mi balẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù mìíràn ló dé. Tí kì í bá ṣe ilẹ̀ tí mo gbá ló mú oyún yìí wá, a jẹ́ pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ mi tí mo lè fi dì í mú. Ìyá gbálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ní kí n gbẹ́sẹ̀ sókè. Mo gbé méjèèjì, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbá abẹ́ mi.

Nígbà tí oṣù pé, mo bí ọmọbìnrin. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí síwájú láti jẹ́rìí, àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ tẹjú mọ́ mi, wọ́n ń dúró kí n sọ ohun tí mo ṣe. Ìyá wà níjókòó iwájú. Mo wojú wọn. Mo ní Ọlọ́run fún mi lọ́mọ, mo sì padà lọ jókòó.