Kò Sẹ́ni Tó Yà Sọ́dọ̀ Shiomi

Ní ọ́fíìsì wa ní Nagoya, a kì í pinnu ọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á ti lọ láti ìdí tábìlì kan dé òmíràn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sétí oníkálukú. Ẹni tí wọn kò bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí.

Ìdí nìyẹn tí Shiomi Kazue kò fi kúrò nídìí tábìlì rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí a fẹ́ pín iṣẹ́ tuntun. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ ìrẹsì tó dì láti ilé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lọ jókòó ti àwọn tó máa lo ohun tí a fẹ́ ṣe sórí kọ̀ǹpútà, kó sì kọ ìtàn ìlò rẹ̀ fún wa: ẹni yìí ṣe báyìí, ẹ̀rọ dáhùn báyìí, bó bá ṣàṣìṣe, ohun tó kàn nìyí. Kò ní iṣẹ́ mìíràn. Bí wọ́n bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí fèrèsé ló kù, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọn kò lè lé kúrò sí, kí wọ́n máa wo ìta títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì.

Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ló gbé iṣẹ́ fún wa, pé ká ṣe ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn nọ́ọ̀sì wọn á fi máa pín oògùn. Ta ló máa kọ ìtàn ìlò rẹ̀?

"Àǹtí Shiomi, ṣé kí n bá yín tẹ́ ẹní síbẹ̀ ni?" Nagase, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nítòsí rẹ̀, ló ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Mò ń retí ọ̀gá ni."

"Ọ̀gá Dobashi? Wọ́n mà ti yà lọ́dọ̀ mi lánàá." Ẹ̀rín kú lójú Nagase.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kí àwa tá à ń kọ ètò máa kọ ọ́ fúnra wa. Wọ́n ní ó máa yá."

"Ṣé o ti dé ilé àwọn arúgbó yẹn rí?"

"Rárá o. Àmọ́ mo ti rí nọ́ọ̀sì rí ṣá."

Nínú ìpàdé, Dobashi ka orúkọ Nagase pé òun ló máa kọ ọ́, ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ. Bí a ṣe máa ń bèèrè náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ń dáhùn. Shiomi nawọ́. Gbogbo wa wo ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ kí n kàn lọ wo àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí Nagase tó kọ ọ́."

Dobashi tẹríba díẹ̀. "Ẹ ṣeun gan-an. A ó gbé e yẹ̀ wò."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kú nìyẹn.

Shiomi kò dúró kí wọ́n sọ fún un. Ó gbé ife tíì rẹ̀ àti tìmùtìmù rẹ̀, ó lọ jókòó sídìí fèrèsé, ó dojú kọ ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Lọ́jọ́ kejì, Nagase lọ bá a. "Àǹtí, ṣé àwọn nọ́ọ̀sì máa ń wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n bá ń pín oògùn? Ojú ẹ̀rọ yìí kì í gbọ́ ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́."

Shiomi ń wo ìta. Kò bojú wẹ̀yìn tó fi dá a lóhùn.

"Lọ bi ọ̀gá."

Nagase padà sídìí tábìlì rẹ̀. Kò bi ọ̀gá. Ó kọ ọ́ pé: nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ ojú ẹ̀rọ. Ó kọjá sí èyí tó kàn.