Wọ́n Ní Kí Lọ́yà Báwọn Bẹ Lọ́yà

Bí ẹ bá dé ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan lẹ́yìn Ìdí-Àràbà, tí ẹ ní lọ́yà wọn lẹ ń wá, wọn yóò júwe yàrá kan fún yín. Bí ẹ bá ní alábòójútó òṣìṣẹ́ lẹ ń wá, yàrá yẹn náà ni, obìnrin yẹn náà ni. Orúkọ rẹ̀ ni Salome Láyíwọlá, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì láti Yábàá. Àǹtí Salome ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pè é.

Òun kọ́ ló tọrọ iṣẹ́ méjì. Nígbà tí ẹni tó ń mójú tó òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Kánádà, Àlàájì Àbdùlsàmàd, ẹni tó ni ilé-iṣẹ́, sọ pé, "Lọ́yà, bá wa dì í mú ná. Fúngbà díẹ̀ ni." Ìgbà díẹ̀ yẹn ti di ọdún méjì. Wọ́n ti tú tábìlì ẹni tó lọ sí Kánádà pàápàá, wọ́n fi pákó rẹ̀ tún ilẹ̀kùn ibi tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí ṣe.

Iṣẹ́ méjèèjì kò sì fẹ́ràn ara wọn. Lọ́yà ní láti máa ṣọ́ ohun tó lè kó bá ilé-iṣẹ́. Alábòójútó òṣìṣẹ́ ní láti gbọ́ tẹni tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àti tẹni tí wọ́n gbé bàtà rẹ̀ lọ. Nígbà mìíràn, Àǹtí Salome yóò máa fi ọwọ́ kan nu omijé òṣìṣẹ́, yóò máa fi ọwọ́ kejì kọ kúẹ́rì rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé kan. Gbádé, tó ń ṣọ́ ààrò búrẹ́dì, gbọ́ ariwo láti ilé kejì, níbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, pé wọ́n fẹ́ gbá pẹnáritì. Ó ní kí òun yọjú wo ẹyọ kan péré. Ẹyọ kan náà wọlé, rẹfirí ní kí wọ́n tún un gbá. Kí Gbádé tó padà, búrẹ́dì ti di èédú, èéfín sì ti gba òpópónà. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọsibítù tó wà nítòsí pariwo, "Iná o!" Làwọn aládùúgbò bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n da omi sórí ohun tó ń jó àti ohun tí kò jó. Ìyẹ̀fun di ògì nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Àlàájì wọlé bí ìjì. "Lọ́yà, kí Gbádé máa lọ ilé wọn lónìí!"

"Àlàájì, òfin ò gbà bẹ́ẹ̀, sà. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀."

"Ṣé lọ́yà tèmi ni ẹ́, àbí ti Gbádé?"

"Tiyín ni, sà. Tó bá gbé wa lọ sí kóòtù, èmi lojú máa tì níwájú adájọ́."

Àlàájì mí kanlẹ̀. "Gbọ́ tẹnu ẹ̀ kíá. Mò ń padà bọ̀ wá gbọ́ ibi tó já sí."

Àǹtí Salome fi kúẹ́rì ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Gbádé fi dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ lọ́yà yẹn. Ìwé tí wọ́n kọ sí mi gbóná ju ààrò lọ."

"Gbádé, èmi ni lọ́yà yẹn."

"Mo mọ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ sún mọ́ wọn jù, ìyẹn ni mo ṣe wá bá yín."

Àǹtí Salome wò ó títí, kò rí àwàdà kankan lójú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti tọ́ Gbádé, ẹni tó bá ṣẹ àgbà kì í dá bẹ̀bẹ̀. Ó ń wá ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀ ni. Ẹ̀rín fẹ́ pa Àǹtí Salome, ó gbé e mì.

"Dìde, lọ dáhùn ìwé náà. Òtítọ́ ni kó o kọ."

"Òtítọ́ ni mo fẹ́ kọ, mà, ṣùgbọ́n òtítọ́ ọ̀hún ò dáa."

Nígbà tí Gbádé rí i pé ọ̀kan kò fẹ́ bá òun bẹ èkejì, ó tẹ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ láago. Kí ọ̀sán tó pọ́n, Màmá Jael dé láti Èbúté Mẹ́ta, Gbádé tẹ̀lé e wọ yàrá náà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá Jael. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún sì ń dùn ún.

"Ẹ jókòó, mà," ni Àǹtí Salome wí.

"Mi ò wá jókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó di etí tábìlì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀.

Àǹtí Salome fò dìde lórí àga. Kí àgbàlagbà kúnlẹ̀ fún òun! Bí ìyá rẹ̀ bá gbọ́ ní Yábàá ńkọ́? Ó sáré yí tábìlì ká, ó kúnlẹ̀ kí màmá tó délẹ̀.

"Ẹ dìde, mà! Ẹ jọ̀ọ́, mà!"

"Ìwọ kọ́kọ́ dìde."

"Mi ò lè dìde ṣáájú yín, mà."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Àlàájì fi ṣílẹ̀kùn. "Kí ló dé? Ta ló ń bẹ ta?"

Màmá Jael bojú wò ó. "Ṣé ìwọ lo ni ibí? Ó dáa, ìwọ gan-an ni n ó kúnlẹ̀ fún." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún tó ń dùn ún yí padà díẹ̀díẹ̀.

Àlàájì kò tíì mọ ẹjọ́, ṣùgbọ́n ó mọ àgbà tó bá rí i. Ó ká ẹ̀wù funfun rẹ̀ sókè, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ má jẹ́ kí n gba èpè! Mo ti gbà, ohunkóhun tó bá jẹ́!"

Gbádé nìkan ló wà lóòró. Ó ń wo ọ̀gá rẹ̀ nílẹ̀, ó ń wo lọ́yà nílẹ̀.

"Gbádé!" ni Màmá Jael pariwo. "Ìwọ tá a torí ẹ wà nílẹ̀, o wá nàró bí òpó iná!"

Gbádé ṣubú lulẹ̀ gbì, àfi bí àpò ìyẹ̀fun.

Nígbà tí wọ́n fi máa gbé Màmá dìde, iṣẹ́ Gbádé ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ẹni tó bá sọ pé "mo ti gbà" lórí ìdọ̀bálẹ̀, kò lè kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́. Àǹtí Salome nìkan ló rántí òfin. "Ìwé ìkìlọ̀ ṣì máa jáde o. Tó bá tún fi ààrò sílẹ̀, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ mọ́, mà."

"Mi ò ní kúnlẹ̀. Fún mi ní nọ́ńbà fóònù ẹ. Àwa méjèèjì la jọ máa ṣọ́ ọ."

Àǹtí Salome fún un, kò mọ ohun tó ń fà sọ́rùn. Ní báyìí, ì báà máa kọ àdéhùn, ì báà máa pẹ̀tù sí òṣìṣẹ́ nínú, fóònù á ṣáà dún. "Lọ́yà, ṣé ó wà nídìí ààrò?" Kò ṣeé purọ́ fún, tíṣà ni. Àǹtí Salome á dìde, á rìn dé ẹ̀yìn, á yọjú sínú ooru.

"Ó wà níbẹ̀, mà. Ó ń làágùn."

"Ó dáa. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."