Ibi Tó Yẹ Kí Ikú Wà Nínú Fíìmù Bàbá Mi

Mo rántí ìgbà tí kò sí wàhálà tó lè bá ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa ní Lásunwọ̀n, tí n kò ní sọ ibi tí wàhálà náà wà nínú fíìmù fún un. Mo ti jáde ilé ìwé girama, yunifásítì ò tíì gbà mí, mo wá lọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ olùdarí fíìmù àgbéléwò kan ní Ìkòròdú. Bí ọkọ aládùúgbò wa bá lé e jáde nílé, màá ní, "Ẹ má sunkún mọ́, inú kòtò lẹ wà, òkè ló kàn." Bí okùn ẹ̀rọ ìránṣọ màámi bá já nígbà tí àwọn oníbàárà ń dúró, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Màámi á wò mí láti òkè délẹ̀. "Òkè wo? Gba abẹ́rẹ́ yìí, kó o bá mi fi òwú sí i." Màá fi òwú sí abẹ́rẹ́, màá sì máa ṣàánú rẹ̀ nínú ọkàn mi pé obìnrin yìí ò mọ bí ayé ṣe ń lọ.

Ọ̀dọ̀ olùdarí wa ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kòtò àti òkè. Ó gbà pé egungun kan náà ni gbogbo fíìmù eré ìdárayá ní, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀lù, ìbáà jẹ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á sára ògiri fún àwa ọmọ iṣẹ́. Ilẹ̀ títẹ́jú ló máa kọ́kọ́ yà, ìyẹn ìgbà tí akọni ò tíì jẹ́ nǹkan kan, tí aráyé ń fi í ṣẹ̀sín. Lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà kan tó mọ eré náà dáadáa á rí i, á máa kọ́ ọ, òógùn á máa bọ́, orin á máa lọ lábẹ́ rẹ̀. Akọni á bẹ̀rẹ̀ sí í borí, orí rẹ̀ á sì wú díẹ̀. Ìgbà yẹn ni kòtò á dé: ohun tó fẹ́ràn jù láyé á fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú kòtò yẹn ló sì gbọ́dọ̀ ti yan èyí tó máa dì mú. Tó bá yàn án re, òkè gíga ló kù, pẹ̀lú ife ẹ̀yẹ, ariwo àti ẹkún ayọ̀. "Òkè ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. "Kò sẹ́ni tó ń fowó ara rẹ̀ ra ẹkún lọ sílé." Mo gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ ju ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé kéú lọ.

Bàbá mi sì ní ife ẹ̀yẹ. Káfíńtà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí ní Lásunwọ̀n, ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àti ibùsùn, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti bí i, etí ọ̀sà ló sì ti dàgbà. Nígbà èwe rẹ̀, òun ló ń tọ́ ọkọ̀ fún àdúgbò wọn nígbà ìdíje ọkọ̀ wíwà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lára àwọn tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ náà. Bí a ṣe ń sọ ìtàn yìí nílé wa ni pé wọ́n gba ife ẹ̀yẹ lọ́dún kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde dúró nínú ọkọ̀, ó ń fò sókè fún ayọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, orí rẹ̀ gbá etí ọkọ̀, ó sì rì. Ayọ̀ ló pa á, ohun tí gbogbo ẹbí ń sọ nìyẹn. Àwọn tó wá kí wọn ní òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ, wọ́n sì sin ín.

Ìyàwó tó fi sílẹ̀ lọ ni màámi. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ni, kò tíì bímọ kankan fún un. Nígbà tó ṣe opó tán, àwọn àgbà ní kí àbúrò òkú ṣú u lópó, àbúrò yìí ni bàbá mi, èmi nìkan ni wọ́n sì bí. Màámi sọ fún mi rí pé ẹnu òun ò tilẹ̀ ní iṣẹ́ kankan ṣe, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú òun wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó lòun ti ń pe bàbá mi ní "ọkọ mi," bí ìyàwó ilé ṣe ń pe gbogbo ọmọ ilé ọkọ. Bàbá mi náà ò sì fi orúkọ tó ń pè é nígbà náà sílẹ̀. "Ìyàwó wa" ló ń pè é títí di òpin.

Lẹ́yìn ikú yẹn, bàbá mi fi Ẹ̀pẹ́ sílẹ̀, kò sì wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́ láyé rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá gbé e lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú, òun á lọ wọ bọ́ọ̀sì, á dé lẹ́yìn gbogbo wọn. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Kí n má purọ́, mo tún rò pé ó máa dára gan-an nínú fíìmù. Ọmọdé ò moògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́.

Èmi ni mo sọ fún olùdarí wa. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fọwọ́ gbá orí. Bàbá mi kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kí la fẹ́ fi òkú ẹni ẹlẹ́ni ṣe. Ṣùgbọ́n olùdarí ń wá, ó ń fi orí balẹ̀, ó ń pè é ní akọni, kò sì sẹ́ni tó ti pe bàbá mi ní akọni láti ìgbà tó ti ń kan ilẹ̀kùn. Díẹ̀díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n kí àlejò tó dé, ó ń dé fìlà tó máa ń dé lọ sí mọ́ṣálásí ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ọ̀sà wá ń dìde dúró ní pálọ̀, tó ń fi igi gígùn kan ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọkọ̀. "Ìdí ọkọ̀ ni mo máa ń wà," ó ní. "Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló wà níwájú mi. Apá ọkùnrin kan ò lè rẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn kí n má mọ̀." Màámi ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a ń gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀.

Bó ṣe wà náà nìyẹn lọ́jọ́ tí olùdarí dé lẹ́yìn ìrun àsárì, tó ní nǹkan kan ò bára mu nínú ìtàn wa.

"Bàbá, ẹ má bínú," ó ní. "Ìtàn yín dára, ṣùgbọ́n ikú yẹn ò sí níbi tó yẹ kó wà. Nígbà tí wọ́n ti gba ife ẹ̀yẹ tán, kí lèèyàn tún ń kú sí? Máàkẹ́tà tó fẹ́ náwó sí fíìmù yìí ò ní gbà á lọ́wọ́ mi."

"Ibo lo wá fẹ́ gbé e sí?" Bàbá mi ṣì ń rẹ́rìn-ín.

"Kó tó di pé ẹ borí. Inú kòtò gan-an. Ẹ ti wà níwájú, ibi tí ìdíje ti parí ti sún mọ́, ẹ̀gbọ́n yín wá ré bọ́ sómi. Ẹ rí i dáadáa, ṣebí ìdí ọkọ̀ lẹ wà. Ó nawọ́ sí yín. Tẹ́ ẹ bá yí padà, àwọn tó wà lẹ́yìn á ya yín sílẹ̀, ife ẹ̀yẹ ti lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ..."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Bàbá mi ò pariwo. Ohùn tí èèyàn fi ń béèrè ẹni tó wọ yàrá òun ló fi sọ ọ́. Ẹ̀rọ màámi dúró. Mo gbọ́ ọ bó ṣe dúró, torí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ bí pálọ̀ wa ṣe máa ń dákẹ́ tó bí kò bá dún.

Olùdarí rò pé wọ́n ń yìn ín ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi o, Bàbá. Bí fíìmù ṣe máa ń rí nìyẹn." Ó wá ń bá tirẹ̀ lọ: akọni á yan ẹbí dípò ife ẹ̀yẹ, á yí ọkọ̀ padà, á fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sókè, inú á wá bí gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀, wọn á wa àjẹ̀ bí ẹni tí iná ń jó lẹ́yìn, wọn á sì tún borí. Bàbá mi ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ, àti pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo ti gbọ́ òwe méjèèjì yìí tipẹ́, n kò rò pé pálọ̀ wa ni wọ́n á ti pàdé.

Nígbà tí àlejò lọ tán, màámi ò dìde nídìí ẹ̀rọ.

"Ṣé ó pè yín?" ó bi í.

"Ìyàwó wa..."

"Mo ní, ṣé ó pè yín?"

Bàbá mi wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó pè mí lórúkọ. Mo rò pé ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn á gbé e. Ọmọ omi ni, ìyàwó wa, ta ló mọ omi tó o? Àwọn èèyàn ń pariwo létí omi, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo ní tá a bá ti dé báyìí, màá padà lọ gbé e."

"Ẹ sì padà?"

"A padà."

Màámi fa aṣọ tó ń rán mọ́ra. Òwú ti bọ́ lójú abẹ́rẹ́. Ó ní kí n wá bá òun fi sí i, mo sì lọ fi sí i. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé ìbéèrè kan tún wà tí màámi lè bi bàbá mi, bóyá ojú rẹ̀ ti wà lára òun nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà láyé. Kò bi í. Títí bàbá mi fi kú, kò bi í, mo sì rò pé ìyẹn ló fìyà jẹ bàbá mi jù.

Wọ́n ṣe fíìmù náà. Mo gbìyànjú láti bẹ olùdarí kó fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n máàkẹ́tà ti náwó sí i, bàbá mi fúnra rẹ̀ sì ní kí n dákẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ibi ìdíje ní Ẹ̀pẹ́, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Màámi ní òun á tẹ̀lé mi lọ. Ó jókòó sórí ọkọ̀ kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ létí ọ̀sà, ó ká ìborùn rẹ̀ mọ́ra, kò jẹ, kò mu.

Òṣèré tó ń ṣe bàbá mi ò mọ omi wẹ̀, nítorí náà ibi tí omi ò ju àyà lọ ni wọ́n ti yà á. Ẹnìkan ṣubú sómi, ó nawọ́, ó pariwo. Òṣèré yí ọkọ̀ padà, wọ́n fà á sókè, wọ́n ń bá ìrìn lọ. Olùdarí ní kò dára tó, kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Oòrùn bo kámẹ́rà lójú, wọ́n tún un ṣe. Ní gbogbo ìgbà tí ọkùnrin yẹn ṣubú, wọ́n gbé e. Màámi ò gbé ojú kúrò lára wọn.

"Ṣé bó ṣe máa ń yá tó láti yọ èèyàn nínú omi nìyẹn?" ó bi mí nígbà tó yá.

Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo ní fíìmù ni, màámi, wọ́n máa ń gé e kúrú ni.

"Wọn ò tíì gé eléyìí," ó ní.

Fíìmù náà tà díẹ̀. Wọ́n ń wò ó láti Ìkòròdú dé Ìjẹdè, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá bàbá mi dúró lójú ọ̀nà. "Ẹ̀yin lẹ yí ọkọ̀ padà nítorí ẹ̀gbọ́n yín! Àwọn bíi tiyín ò pọ̀ mọ́ láyé." Á ní, "Àlùhámúdù lílàhi," á sì máa yára lọ. Ó pa fìlà ọjọ́ Jímọ̀ yẹn tì. Nígbà tó ṣe, ó ń gba ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn kọjá lọ sí ìsọ̀ rẹ̀.

Nílé, kò sí ìjà. Màámi ń dáná, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀ bó ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló yí padà. "Àbúrò ọkọ mi," á ní, "oúnjẹ yín ti wà lórí tábìlì." Bàbá mi á ní, "Mo gbọ́, ìyàwó wa." Bí mo ṣe gbọ́ ọ nínú ilé yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn, láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, títí àìsàn fi dá bàbá mi dúbúlẹ̀. Màámi ló tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó kú, tí àwọn obìnrin ẹbí gbé aṣọ opó wá fún un, ó dá a padà fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo ti ṣe opó ọkọ mi," ó ní. "Ó ti pẹ́."

N kò ṣe fíìmù mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni màámi ń gbé báyìí, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń rán aṣọ ọmọdé. Àwọn ọmọ mi rí fíìmù yẹn nínú ẹrù àtijọ́, wọ́n máa ń fẹ́ wò ó torí wọ́n ní bàbá àgbà àwọn ni akọni rẹ̀. N kì í lè dá wọn dúró. Mo máa ń jókòó tì wọ́n, títí dé ibi tí òṣèré yẹn ti ń yí ọkọ̀ padà. Mo fẹ́ kó yí padà, ta ni ò ní fẹ́? Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí àwọn ọmọ ò mọ̀, pé bí wọ́n bá ti fa ọkùnrin yẹn jáde nínú omi, ilé ló ń lọ bá ìyàwó rẹ̀, kò sì sí ọ̀nà kankan tí èmi máa gbà wá sáyé. Fíìmù tó dára nìyẹn. N kò sí níbẹ̀.

Màámi náà máa ń wò ó dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé ọkùnrin náà sínú ọkọ̀, á ní kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n náà. Mo máa ń wo ojú rẹ̀ nígbà yẹn bóyá màá rí èyí tí ì bá yàn nínú èmi àti ọkùnrin yẹn, ṣùgbọ́n n kò tíì bi í. Á ní kí n wá bá òun fi òwú sí abẹ́rẹ́, màá sì lọ.